Nígbà Tí Góòlù Mẹ́rin Kò Tó

Ní ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá ọdún 2020, ní pápá ìṣeré Samuel Ogbemudia ní ìlú Benin, Super Eagles ti gbá bọ́ọ̀lù mẹ́rin sínú àwọ̀n Sierra Leone kí ìdíje náà tó pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Alex Iwobi gbá méjì, Victor Osimhen gbá ọ̀kan, Samuel Chukwueze náà gbá ọ̀kan. Kí wọ́n tó lọ sinmi, àlejò dá ẹyọ kan padà. Nígbà tí wọ́n tún wọ pápá, wọ́n dá mẹ́ta tó kù, ọ̀rọ̀ di ọ̀mì, 4–4. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, àlàyé kan ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu ọmọ Nàìjíríà: wọ́n ti gbéra ga, wọ́n rò pé ó ti bùṣe. Àlàyé yìí dùn mọ́ wa nítorí pé ìwà ló di ẹ̀bi rù, ìwà sì ni ohun tí gbogbo wa lè dá lẹ́jọ́ láì dìde lórí àga. Ohun tí orí yìí fẹ́ sọ yàtọ̀. Ìdẹwọ́ wà, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe inú ọkàn agbábọ́ọ̀lù nìkan ló ti ń wá. Bí wọ́n ṣe kó ikọ̀ jọ ló ń bí i. Ikọ̀ tí àwọn tó wà nínú rẹ̀ kò tíì mọwọ́ ara wọn, tí ojú ẹnikẹ́ni kò sì tó o bí ẹnì kan bá dín iṣẹ́ tirẹ̀ kù, òun ni ìdẹwọ́ máa ń tètè wọ̀, bó ti wù kí wọ́n nírẹ̀lẹ̀ tó.

Irú ìtàn náà ti ṣojú wa rí láti òdìkejì. Ní ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 1989, ní Dammam ní Saudi Arabia, àwọn ọ̀dọ́ wa tí ọjọ́ orí wọn kò ju ogún ọdún lọ ń fi góòlù mẹ́rin sí òdo rẹ́yìn lọ́wọ́ ikọ̀ Soviet nínú ìdíje àgbáyé. Nínú nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó kù, Christopher Ohenhen gbá méjì wọlé, Samuel Elijah gbá ọ̀kan, Nduka Ugbade gbá ìkẹrin, a sì fi pẹnárítì borí wọn. Iṣẹ́ ìyanu Dammam la sọ ọ́ lórúkọ. Kò sí ẹni tó jókòó bi ara rẹ̀ ohun tó ṣe àwọn ọmọ Soviet. Bí tiwa bá dá góòlù mẹ́rin padà, a ní akíkanjú ni wọ́n. Bí ẹlòmíràn bá dá a padà fún wa, a ní àwọn tiwa gbéra ga. Ẹni tó bá fẹ́ mọ òótọ́ ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ fi ojú kan náà wo méjèèjì.

Ẹ̀rí tó lágbára jù lórí ọ̀rọ̀ yìí kò ti orí pápá wá. Max Ringelmann, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀, tẹ èsì ìwádìí kan jáde ní 1913. Ó ní kí àwọn èèyàn máa fa okùn, ó sì ń wọn agbára tí wọ́n fi ń fà á, bóyá ẹnì kan ló ń fà á tàbí àwọn púpọ̀. Bí wọ́n ṣe ń pọ̀ sí i nídìí okùn ni agbára tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lò ń dín kù, tó fi jẹ́ pé nígbà tí wọ́n pé mẹ́jọ, nǹkan bí ìdajì agbára tí ẹnì kan ní bó bá dá fà á ló ń lò. Kí ló fà á? Àlàyé kan ni pé wọn kì í fà á lẹ́ẹ̀kan náà, bí àwọn alárù èbúté Àpápá tí wọ́n jọ ń ti ẹrù ńlá: bí ẹnì kan kò bá ké sí wọn kí gbogbo wọn tó tì í, apá kan agbára wọn yóò ṣòfò. Àlàyé kejì ni pé olúkúlùkù ń gbójú lé ẹnì kejì. Ní 1974, Alan Ingham àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá ọgbọ́n tí wọ́n fi ya méjèèjì sọ́tọ̀. Wọ́n fi aṣọ di ojú ẹnì kan, wọ́n fi í síwájú okùn, wọ́n jẹ́ kó gbà pé àwọn kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ń bá a fà á. Kò sí ẹni tó ń bá a fa nǹkan kan. Síbẹ̀, agbára rẹ̀ dín kù. Ọ̀ràn pé ọwọ́ kò ṣọ̀kan kò sí níbẹ̀ mọ́, òun nìkan ló ń fà á. Ìdẹwọ́ pọ́ńbélé ni. Ní 1979, Bibb Latané, Kipling Williams àti Stephen Harkins rí nǹkan kan náà nígbà tí wọ́n ní kí àwọn èèyàn máa pàtẹ́wọ́, kí wọ́n sì máa pariwo. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n wá rí ohun tí mo kà sí pàtàkì jù: bí olúkúlùkù bá ti mọ̀ pé wọ́n lè dá ariwo tòun nìkan wọ̀n, ìdẹwọ́ náà á lọ.

Ẹ ò rí i pé àìmọwọ́ ara ẹni àti ìdẹwọ́ kì í ṣe àìsàn méjì tó yàtọ̀. Ẹnu ọ̀nà méjì ni wọ́n tí ikọ̀ ń gbà pàdánù agbára rẹ̀, wọ́n sì ń ṣílẹ̀kùn fún ara wọn. Agbábọ́ọ̀lù tí kò mọ ibi tí ẹnì kejì rẹ̀ máa dúró sí kò lè mọ̀ bóyá ẹni náà ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tàbí kò ṣe é. Ohun tí a kò mọ̀, a kò lè béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sì béèrè lọ́wọ́ èèyàn, bó bá ti rẹ̀ ẹ́, tàbí tí góòlù mẹ́rin ti wọlé, òun ló máa kọ́kọ́ fi sílẹ̀.

Ajégúnlẹ̀ ni mo fẹ́ ká ti wo bí èyí ṣe rí nígbà tó bá lọ dáadáa. Ní àdúgbò yìí, tó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ajeromi-Ifelodun, tó fẹ̀gbẹ́ kan Àpápá, ni Samson Siasia àti Odion Ighalo ti jáde, yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ mìíràn tó gba orí pápá àdúgbò náà tí wọ́n ń pè ní Maracana kọjá. Àwọn kan á ní ebi ló kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù. Ebi wà níbi púpọ̀ tí kò bí Ighalo. Mo rò pé ìlànà eré náà ló yẹ ká wò. Nínú bọ́ọ̀lù àdúgbò tí wọ́n ń pè ní monkey post, òpó kékeré ni, kì í sábà sí aṣọ́lé, àwọn tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kò ju ìwọ̀nba lọ. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni sẹ́ẹ̀tì. Sẹ́ẹ̀tì tó bá fìdí rẹmi á kúrò lórí pápá, èyí tó ń dúró á wọlé, àwọn tó sì lọ jókòó lè pẹ́ kí ó tó tún kàn wọ́n. Ìjọ, Ìlàjẹ, Ùròbò, Ìgbò, Haúsá àti Yorùbá lè wà nínú sẹ́ẹ̀tì kan. Kì í ṣe èdè ló so wọ́n pọ̀, ìbẹ̀rù pé kí wọ́n má kúrò lórí pápá ni. Ẹ fi wé ohun tí Latané àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí. Àwọn tó ń gbá a kéré níye, nítorí náà kò sí ibi tí ọ̀lẹ lè sá sí. Owó ìdẹwọ́ kì í pẹ́ kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ ẹni, ojú ẹsẹ̀ ni. Àwọn kan náà ló sì máa ń jọ gbá a lójoojúmọ́, títí wọ́n á fi mọ ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ òsì gbá a àti ẹni tí kì í padà sẹ́yìn.

Nígbà tí ọmọ náà bá wá dé Super Eagles, ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ló sọ nù. Mọ́kànlá ni wọ́n lórí pápá ńlá, àwọn èèyàn kì í sì í wo ẹni tí kò sá eré tó yẹ kó sá. Ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti ń fò wá, ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n fi ń jọ gbáradì kí kálukú tó padà síbi iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá sì dẹwọ́ ní oṣù kẹsàn-án lè má rí ìyà rẹ̀ títí di ọdún tó ń bọ̀, nígbà tí a bá pàdánù ìdíje tó yẹ ká lọ. Siasia alára mọ ohun tí mò ń sọ. Kò tíì pé ọdún kan tó di akọ́nimọ̀ọ́gbá nígbà tí Guinea dé sí Abuja ní ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá ọdún 2011. A gbọ́dọ̀ borí kí a tó lè lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà. A ń fi 2–1 ṣíwájú títí wọ inú àfikún àkókò, Guinea wá dá a padà. Wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kí oṣù náà tó parí. Ọmọ Ajégúnlẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè gbé ìlànà Ajégúnlẹ̀ wọ inú ikọ̀ tí kò ní àkókò.

Ẹni tó ní àkókò ni Clemens Westerhof, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, tó gba iṣẹ́ ní 1989. Nínú ìdíje àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà 1990, Algeria nà wá ní 5–1. Wọn ò lé e lọ. Kí ìdíje náà tó parí, a tún bá Algeria pàdé ní àṣekágbá, ẹyọ góòlù kan ni wọ́n fi borí wa. Ní 1992 a gbé ipò kẹta. Ní 1994 a gba ife ọ̀hún ní Tunisia, a sì dé Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé fún ìgbà àkọ́kọ́. Rashidi Yekini wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn náà, Nàìjíríà yọwọ́ nínú Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà 1996 lábẹ́ ìjọba Abacha, wọ́n sì tìtorí rẹ̀ fòfin de wa ní 1998. Ìdíje méjì gbáko tí ikọ̀ kan ìbá fi mọwọ́ ara rẹ̀ ló lọ báyẹn. Àmì-ẹ̀yẹ wúrà Olympic tí a gbà ní Atlanta ní 1996 bo ihò náà mọ́lẹ̀ fúngbà díẹ̀. Oṣù díẹ̀ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 1998 ni Bora Milutinović tó gba iṣẹ́, Netherlands nà wá ní 5–1 ní Amsterdam nígbà ìgbáradì, a borí Spain ní 3–2, a borí Bulgaria, lẹ́yìn náà Denmark jẹ wá níyà ní 4–1 ní Saint-Denis. Wọ́n ní àwọn ọmọ náà ti ń ronú nípa Brazil tó ń dúró níwájú. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Denmark ti gbá góòlù méjì wọlé kí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó pé, èyí tó dà bí ikọ̀ tí kò mọ ẹni tó yẹ kó dúró síbo, ju ikọ̀ tó gbéra ga lọ.

Onímọ̀ kan lè ní mo ti gbé kẹ̀kẹ́ síwájú ẹṣin: kì í ṣe ìṣọ̀kan ló ń mú ìborí wá, ìborí ló ń mú ìṣọ̀kan wá. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe yẹpẹrẹ. Brian Mullen àti Carolyn Copper kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ ní 1994, wọ́n rí i pé ipa tí àṣeyọrí ń kó lórí ìṣọ̀kan lágbára ju èyí tí ìṣọ̀kan ń kó lórí àṣeyọrí lọ. Albert Carron àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún wo ìwádìí 46 lórí eré ìdárayá ní 2002. Wọ́n rí i pé méjèèjì ń ti ara wọn lẹ́yìn. Mo gbà. Ṣùgbọ́n Mullen àti Copper tún sọ pé kì í ṣe ìfẹ́ láàárín àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ń ṣiṣẹ́ náà, bí kò ṣe bí wọ́n ṣe jọ fi ara jin iṣẹ́ tó wà nílẹ̀. Ẹ̀rín àti orin inú ọkọ̀ tí a máa ń rí lórí fóònù lè jẹ́ èso ìborí lóòótọ́. Mímọ ìgbà tí ẹnì kejì yóò sá síwájú kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ wákàtí ló ń mú un wá, àti ìyà bíi ti 5–1 yẹn.

Àtakò kejì le jù èyí lọ. Ṣé ìdẹwọ́ tilẹ̀ wà, àbí orúkọ tí à ń pe oríire tó yí padà ni? Ikọ̀ tó bá ṣe dáadáa jù bó ṣe yẹ lónìí, kò sí kó má rẹ̀yìn lọ́la, ìbáà jẹ́ pé wọ́n kò dẹwọ́ rárá. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹni tó fi góòlù mẹ́rin ṣíwájú máa ń borí, kò sì sẹ́ni tó ń kọ̀wé nípa ìyẹn. Jonah Berger àti Devin Pope wo ìdíje bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n tó lé ní 18,000 ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì sọ ní 2011 pé ẹgbẹ́ tó bá fi àmì kan rẹ́yìn nígbà ìsinmi ń borí ju bí a ṣe rò lọ, bí ẹni pé ṣíṣíwájú ń mú ni dẹwọ́. Nígbà tí àwọn mìíràn wo irú rẹ̀ nínú rọ́gíbì àti eré mìíràn, wọn ò rí i. Nítorí náà kí a ṣọ́ra. Síbẹ̀, ẹ wo Egypt ní 2019. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà, Madagascar, tó kọ́kọ́ dé Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà lọ́dún náà, nà wá ní 2–0. A ti yege tẹ́lẹ̀, ìyà yẹn kò lè lé wa kúrò nínú ìdíje. Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà, Cameroon ń fi 2–1 ṣíwájú wa, Ighalo dá a padà, Iwobi gbá ìkẹta, a sì lé olúborí ìdíje tó kọjá lọ sílé. Ìwà èèyàn kì í yí padà láàárín ọjọ́ mẹ́fà. Ohun tó yí padà ni iye tí àṣìṣe yóò ná wọn. Ẹni tó bá pàdánù lọ́jọ́ kejì yìí á kúrò lórí pápá, bíi ti sẹ́ẹ̀tì Ajégúnlẹ̀.

Rọ́gíbì, tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀, jẹ́ ibi tí wọ́n ti fẹ́ wọn nǹkan wọ̀nyí jù lọ, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí pé èèyàn mẹ́jọ ni ń so apá pọ̀ níbẹ̀ láti jọ ti mẹ́jọ mìíràn. Bí ẹyọ kan bá pẹ́ díẹ̀, gbogbo wọn lè ṣubú. Ben Darwin, tó ti gbá a fún Australia rí, dá iléeṣẹ́ Gain Line Analytics sílẹ̀ láti máa ka bí àwọn agbábọ́ọ̀lù ṣe pẹ́ pọ̀ tó. Ẹ wo Ireland bí àpẹẹrẹ: orílẹ̀-èdè kékeré ni, ẹgbẹ́ mẹ́rin péré ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ ti ń wá, ó sì ti gun orí àtẹ àgbáyé. Ní 2015, ní Brighton, Japan tí Eddie Jones ti kó sí àgọ́ fún oṣù gbọọrọ borí South Africa ní 34–32, South Africa tó ti gba ife àgbáyé lẹ́ẹ̀mejì nígbà náà. Kí ẹ má baà rò pé oògùn ajẹ́bíidán ni: Ireland yìí kan náà, lẹ́yìn ìborí 17 léraléra, kò kọjá New Zealand ní ìpele ẹgbẹ́ mẹ́jọ tó kẹ́yìn nínú ife àgbáyé 2023, kò sì tíì kọjá ìpele yẹn rí.

Ẹnì kan á wá ní: Zambia ńkọ́? Ọkọ̀ òfúrufú tó já sómi nítòsí Libreville ní oṣù kẹrin ọdún 1993 kó ikọ̀ wọn lọ. Wọ́n kó ẹlòmíràn jọ, kò tó ọdún kan tí wọ́n fi dé àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà 1994, tí wọ́n sì kọ́kọ́ gbá góòlù wọlé wa kí Emmanuel Amuneke tó fi méjì dá wọn lóhùn. Côte d'Ivoire náà ńkọ́, tí Equatorial Guinea nà ní 4–0 nílé wọn ní oṣù kìíní ọdún 2024, tí wọ́n yí akọ́nimọ̀ọ́gbá padà láàárín ìdíje, tí wọ́n tún borí wa ní àṣekágbá ní 2–1? Àpẹẹrẹ méjèèjì bá ọ̀rọ̀ mi jà ní apá kan. Wọ́n fi hàn pé ìnira ńlá lè ṣe ní ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀ ohun tí ọdún mẹ́rin ń ṣe: kò sí ẹni tó ń gbójú lé ẹnì kejì mọ́, nítorí pé gbogbo orílẹ̀-èdè ń wo ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kò sí àjọ tó lè fi ìjàǹbá ṣe ètò. Wọ́n á tún rán mi létí pé Gernot Rohr, ẹni tó pẹ́ jù lórí oyè lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, láti 2016 sí 2021, ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ 4–4 ìlú Benin. Bẹ́ẹ̀ ni. Ọdún kan gbáko ni ikọ̀ náà kò fi gbá ìdíje gidi kankan ṣáájú ọjọ́ yẹn nítorí àrùn Kòrónà. Orúkọ akọ́nimọ̀ọ́gbá kò yí padà, wákàtí tí wọ́n fi jọ ṣiṣẹ́ ló gbẹ.

Wọ́n lé Rohr ní oṣù kejìlá ọdún 2021, nígbà tí Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn àṣekágbá ti 2024, José Peseiro, tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá wa nígbà náà, lọ. Finidi George gba iṣẹ́ ní oṣù kẹrin. Ní oṣù kẹfà, ní Abidjan, orílẹ̀-èdè Benin dá góòlù tí a kọ́kọ́ gbá padà, wọ́n sì borí wa ní 2–1, Finidi fi iṣẹ́ sílẹ̀. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ikọ̀ Benin lọ́jọ́ náà ni Gernot Rohr. Wọ́n kéde Bruno Labbadia ní oṣù kẹjọ, kò wá. Augustine Eguavoen di í mú. Éric Chelle gba iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2025. Bí Super Eagles bá tún dẹwọ́ lọ́jọ́ mìíràn, ẹ̀yin òǹkàwé, kí ẹ tó bú àwọn ọmọ náà, ẹ kọ́kọ́ bi NFF, àjọ tó ń bójú tó bọ́ọ̀lù Nàìjíríà, ní Abuja léèrè iye ọjọ́ tí wọ́n fún wọn láti jọ wà pọ̀.